Ọjà àti Ilé Ìyàgbẹ́ Wà Nínú Gbólóhùn Kan: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Káńsù Wa

  

Ọ̀rọ̀ káńsù la fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ta ló ń ṣe kí ni níbẹ̀? Ta ló yan ta ni? Owó wo ló ń wọlé, ibo ló sì ń gbà jáde? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú nìyẹn, pé kò kan ẹni tó ń ta ata. Ó kàn wá o. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dé ìdí àtẹ wa kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé. Ẹni tí a ń sanwó fún lójoojúmọ́, ó yẹ ká mọ ilé rẹ̀.

Bí ẹ bá bèèrè nínú ọjà pé kí ni iṣẹ́ káńsù, ìdáhùn mẹ́ta lẹ ó gbọ́. Wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń rán wolé-wolé wá. Wọ́n ń fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tó bá jẹ wọ́n lówó. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ó dà bí ẹni tó ní iṣẹ́ ìyá ni kó máa na ọmọ. Ìyá ń na ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fún un lóúnjẹ, ta ló ń wẹ̀ ẹ́?

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ ní apá tí wọ́n ń pè ní Àfikún Kẹrin. Ẹ jẹ́ ká kà á fún ara wa. Káńsù ni kó dá ọjà sílẹ̀, kó máa tún un ṣe, kó sì máa ṣètò rẹ̀. Ilé ìpẹran bẹ́ẹ̀ náà. Garéèjì ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ilé ìyàgbẹ́ gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀ náà. Kíkó ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Gọ́tà, ọ̀nà àdúgbò àti iná ojú títì wà níbẹ̀. Itẹ́ òkú wà níbẹ̀, àti kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti ẹni tó kú sílẹ̀. Ìwé àṣẹ báró àti ọmọlanke tí àwọn aláàárù fi ń kó ẹrù wa, ó wà níbẹ̀. Káńsù náà ló ń sọ orúkọ àdúgbò, tó sì ń fún ilé ní nọ́ńbà.

Ẹ fi ara balẹ̀ síbi kan níbẹ̀. Gbólóhùn kan náà tó sọ pé ọjà jẹ́ ti káńsù ló sọ pé ilé ìyàgbẹ́ jẹ́ ti káńsù. Ilé ìpẹran, ọjà, garéèjì, ilé ìyàgbẹ́, orí ìlà kan ni wọ́n wà. Òfin kò yà wọ́n. Ẹni tó bá di gbólóhùn yẹn mú láti gbowó ọjà, gbèsè ilé ìyàgbẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Kò lè gé gbólóhùn sí méjì, kó mú ibi tó dùn, kó fi ibi tó kan sílẹ̀ fún wa.

A mọ ohun tí à ń sọ. Obìnrin tó jáde nílé láago márùn-ún ìdájí, tí kò ní padà sílé títí di aago méje alẹ́, ibo ni yóò tọ̀ sí? Àwọn kan kì í mu omi láti àárọ̀ kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n. Àwọn kan ń sanwó fún ṣáláńgá aládàáni lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, owó yẹn sì ń jáde láti inú èrè kékeré tí wọ́n ń jẹ. Aboyún wà nínú wa. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù wà nínú wa. Àwọn àgbàlagbà tí àìsàn ìtọ̀ súgà ń bá jà wà nínú wa, àwọn yẹn ò lè mú un mọ́ra. Ojú wa ló ń rí i, ara wa ló ń jẹ ẹ́. Nítorí náà kì í ṣe ojúure ni à ń bèèrè tí a bá ní kí káńsù kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tó ní omi. Iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ ni.

Wàyí o, ta ni ká bá sọ̀rọ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn. A ó kó ara wa jọ, a ó lọ sí sẹkitéríàtì káńsù, a ó bá ẹni àkọ́kọ́ tó wọ kóòtù jà, a ó sì padà sílé láìrí nǹkan kan mú bọ̀. Ẹ jẹ́ ká to ilé yẹn bí ó ṣe rí.

Alága ni olórí, òun àti igbákejì rẹ̀ la jọ ń dìbò fún. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ni a ń yàn láti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ̀dù kan, káńsẹ́lọ̀ kan. Wọ́n ń jókòó pọ̀ bí ilé aṣòfin kékeré, wọ́n sì ń yan líídà láàárín ara wọn. Àwọn ló ń ṣe òfin káńsù, àwọn ló ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó ọdún. Àwọn súpáfáísọ̀ ńkọ́? Alága ló ń yàn wọ́n, ẹnì kan fún ètò ìlera, ẹnì kan fún iṣẹ́ òde, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Alága náà ló ń mú akọ̀wé káńsù. Gbogbo àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí, òṣèlú ló gbé wọn wá, òṣèlú ni yóò gbé wọn lọ.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn òṣìṣẹ́: olórí òṣìṣẹ́, akápò, àwọn ẹ̀ka ìlera, àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ òde, àwọn wolé-wolé, àwọn akọ̀wé kékeré. Àwọn wọ̀nyí kì í bá alága lọ. Alága dà bí ayálégbé, ọdún rẹ̀ ní òǹkà. Òṣìṣẹ́ dà bí ẹni tó ń tọ́jú ilé. Àwa tí à ń sanwó, tí à ń dìbò, àwa la ni ilé. Ṣùgbọ́n onílé tí kò bá dé ilé rẹ̀ rí, ayálégbé lè ní kí ó jáde.

Nítorí náà, bí gọ́tà bá dí, ẹ̀ka iṣẹ́ òde ni ká kọ̀wé sí, ká fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ní ẹ̀dà. Bí ìdọ̀tí bá ga ju òrùlé, ẹ̀ka ìlera ni. Bí onítíkẹ́ẹ̀tì méjì bá dé lọ́jọ́ kan, akápò ni ká bi pé ìwé ta ni tòótọ́. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá ṣàdédé lọ sókè, àwọn káńsẹ́lọ̀ ni ká bi pé ọjọ́ wo ni wọ́n jókòó fọwọ́ sí i. Nítorí kò yẹ kí tíkẹ́ẹ̀tì ti inú àpò ẹnì kan jáde. Òfin káńsù ló yẹ kó bí i.

Kọmíṣọ̀n méjì tún wà tó yẹ ká mọ̀, nítorí wọ́n lágbára lórí káńsù ju bí a ṣe rò lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò sí nínú ọgbà káńsù. Èkíní ni kọmíṣọ̀n tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ ni. Òun ló ń gba àwọn òṣìṣẹ́ àgbà síṣẹ́, tó ń gbé wọn sókè, tó sì ń ṣí wọn kiri láti káńsù kan sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ìlera tí a ti bá sọ̀rọ̀ tán lóṣù tó kọjá fi lè di èrò ibòmíràn lóṣù yìí. Bí ọ̀rọ̀ wa bá jẹ́ ẹnu lásán, ó bá a lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìwé, ó wà nínú fáìlì, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ á bá a níbẹ̀.

Èkejì ni kọmíṣọ̀n ètò ìdìbò ti ìpínlẹ̀. Kì í ṣe INEC o. INEC ló ń ṣe ìdìbò Ààrẹ, ti gómìnà àti ti àwọn aṣòfin, INEC náà ló sì ń kọ orúkọ wa sí ìwé olùdìbò. Ṣùgbọ́n ìdìbò káńsù, kọmíṣọ̀n ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é. Ìwé òfin 1999 ní kó ní alága kan àti ọmọ ẹgbẹ́ tí kò dín ní márùn-ún, tí kò sì ju méje lọ. Gómìnà ló ń yàn wọ́n, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Bí ẹni tó ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan bá tún ni ó mú rẹfirí wá, ta ni yóò gbá góòlù? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀, ẹgbẹ́ tí gómìnà wà ló máa ń kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àga káńsù, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, wọ́n dìbò káńsù ní oṣù karùn-ún 2021 àti ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2024. Ẹni mélòó nínú ọjà wa ló jáde?

Àwọn kan á ní, nígbà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, kí ni à ń jáde fún? Èrò tiwa ni pé ibi tí a ti máa ń pẹ́ ni kò dára. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò bá fi pé, wọ́n ti se ọbẹ̀ tán. Ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń yan ẹni tí yóò dupò káńsẹ́lọ̀ ni kí ohùn wa jáde. Káńsẹ́lọ̀ kì í ṣe èrò ọ̀run. Ọmọ àdúgbò ni, a mọ ìyá rẹ̀, a mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Bí àwọn obìnrin ọjà inú wọ́ọ̀dù kan bá sọ fún ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù pé, "Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wá yìí ò kí wa rí, ẹ mú ẹlòmíràn wá," wọ́n á gbọ́. Wọ́ọ̀dù kéré, ariwo wa á dé gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín ní Àbújá lóṣooṣù, nínú náírà 100, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, àwọn káńsù 774 tó wà ní Nàìjíríà sì ń mú 20.60. Ṣùgbọ́n owó káńsù kì í bọ́ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Ìwé òfin ní kí ìpínlẹ̀ ní àpò kan tí òun àti àwọn káńsù jọ ni, ibẹ̀ lowó náà máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Owó oṣù àwọn tíṣà pírámárì àti owó ìfẹ̀yìntì ń jáde níbẹ̀, kí alága tó rí èyí tó ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ alága ló ti sọ pé ohun tó ń kù ò tó ra góòrò.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, kóòtù tó ga jù lọ nílẹ̀ wa dá ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ 36. Wọ́n ní kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù fúnra rẹ̀. Wọ́n ní gómìnà kò gbọdọ̀ fi alábòójútó tí a kò dìbò yàn jókòó lórí àga káńsù mọ́. Inú wa dùn nígbà náà. Ṣùgbọ́n títí ọdún 2024 fi parí, owó náà kò tíì máa gba ọ̀nà tuntun yẹn. Ìdájọ́ lọ́tọ̀, kí ọwọ́ tẹ nǹkan lọ́tọ̀.

Àwa ará Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù karùn-ún 2018, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2019 ni wọ́n tú wọn ká. Wọ́n lọ sí kóòtù. Ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 2021 ni kóòtù tó ga jù lọ tó sọ pé kò bófin mu láti lé wọn, nígbà tí ọdún wọn ti ń parí. Ní àárín ìgbà náà, alábòójútó ló ń jókòó. A ò bá wọn jà sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ohun kan la fẹ́ fà yọ. Ẹni tí a bá yàn, á máa wo ojú wa. Ẹni tí wọ́n bá gbé wá, ojú ẹni tó gbé e wá ni yóò máa wò.

Kí wá ni ti owó tíkẹ́ẹ̀tì? Àwọn tó ń retí owó Àbújá ń fojú kékeré wò ó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí ọlọ́jà. Ká ní ọjà kan ní àtẹ 1,000, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san ₦100 lójúmọ́. ₦100,000 nìyẹn lóòjọ́. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ₦600,000. Ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, ₦30,000,000. Ká tiẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ agbowó àti kọngílá rẹ̀, ₦15,000,000 ṣì kù. Ṣé kò lè kọ́ ilé ìyàgbẹ́ oníyàrá mẹ́fà, kó gbẹ́ kànga, kó sì sanwó fún ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́? Ẹ fi iye àtẹ ọjà tiyín àti iye tí ẹ ń san rọ́pò èyí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ ṣírò ó fúnra yín. Ẹni tó bá ṣírò ó tán, kò ní sọ mọ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ò tó nǹkan.

Òfin kan tún wà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1998, tó pín owó orí àti owó òde fún ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi owó ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóskì, owó garéèjì, owó ilé ìyàgbẹ́ àti ìdọ̀tí sọ́dọ̀ káńsù. Àyàfi ọjà tí owó ìpínlẹ̀ bá wà nínú kíkọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kékeré yẹn ló ń fa kí ẹni méjì máa gbowó lórí ọjà kan, tí ọ̀kan á ní ìpínlẹ̀ ló rán òun, èkejì á ní káńsù ni. Òfin yẹn kan náà sọ pé agbowó kankan kò gbọdọ̀ dínà mọ́ èèyàn lójú títì nítorí owó orí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó tòmátò àti iṣu wọ̀lú, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ tó.

Ìbàdàn tún ní wàhálà tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, káńsù kan ṣoṣo ló ń bójú tó àárín ìgboro. Ní 1991 ni wọ́n pín in sí márùn-ún: Àríwá, Àríwá Ìlà Oòrùn, Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn, Gúúsù Ìlà Oòrùn àti Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn. Ó dára ní apá kan, ìjọba súnmọ́ ilé. Ṣùgbọ́n odò kò mọ ààlà. Omi Ògùnpa ń gba inú káńsù kan bọ́ sí òmíràn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, Ògùnpa ya, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ, ilé wó, ọjà ṣègbé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, àgbàrá tún dé, ó tún pa ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdọ̀tí tí wọ́n dà sí gọ́tà lókè, ìsàlẹ̀ ló ń dí. Káńsù tó wà lókè á ní kò kan òun, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ní kì í ṣe òun ló dà á. Nítorí náà kò tó kí ọjà kọ̀ọ̀kan máa bá káńsù tirẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Àwọn ọjà tó wà létí omi kan náà gbọ́dọ̀ jọ kọ ìwé kan náà sí gbogbo alága tó kàn.

Àwọn kan á ní, "Obìnrin ọjà, kí ni tiyín nínú ìjọba?" Ẹ jẹ́ ká rán wọn létí. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ni ní ọjà Eréko nílùú Èkó, kò kàwé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin ọjà Èkó. Ní 1940, ìjọba Òyìnbó ní kí obìnrin tó bá ń rí ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún máa san owó orí. Àwọn obìnrin kó ara wọn jọ, wọ́n bọ́ sóde, ìjọba sì gbé e sókè dé 200 pọ́n-ùn. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà gbógun ti owó orí obìnrin. Wọ́n ní àwọn ò ní sanwó síbi tí kò sí ẹni tó ń gbẹnu sọ fún àwọn. Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké kúrò lórí oyè fún ìgbà kan, wọ́n sì fi obìnrin sínú ìgbìmọ̀ tuntun tó ń ṣàkóso Ẹ̀gbá. Àga nínú ìgbìmọ̀ ni wọ́n gbà. Wọn kò gba ìrẹsì, wọn kò gba aṣọ ẹgbẹ́.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù. Wọ́n ní bí a bá bèèrè jù, wọ́n á wó àtẹ wa, wọ́n á fún ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù wa. A ò lè sọ pé irọ́ ni. Ẹni tó bá dá lọ, wọ́n lè dá a lóró. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ ẹgbẹ́ ni yóò lọ, pẹ̀lú ìwé tó ní òǹtẹ̀, kí wọ́n bá wa fi òǹtẹ̀ tiwọn lu ẹ̀dà kan padà. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Kò sì sí ìbínú nínú ìbéèrè. Oníbàárà tó bá ní kí a ka ṣéńjì òun níṣojú òun, ṣé à ń bá a jà?

Ohun tí àwa ń dá lábàá fún gbogbo ìsọ̀ nìyí. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ju tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù. Kí a máa kó o sínú ọ̀rá kan, kí olórí ìsọ̀ gbà á jọ níparí oṣù, kí a mọ iye tí ọjà wa san. Èkejì, kí a kọ orúkọ wọ́ọ̀dù wa, ti káńsẹ́lọ̀ wa àti ọjọ́ tí sáà rẹ̀ yóò parí sára pátákó níwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a kọ̀wé sí alága àti líídà àwọn káńsẹ́lọ̀ kí wọ́n tó ṣe ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, kí a ní kí ilé ìyàgbẹ́ àti omi ọjà ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú iye owó. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí kò ní káàdì ìdìbò lọ gbà á nígbà tí INEC bá ń kọ orúkọ. Ẹ̀karùn-ún, bí káńsù bá gbé ìgbìmọ̀ kankan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọjà, kí obìnrin méjì láti inú ọjà wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ pé ọjà ló yàn wọ́n.

Ṣùgbọ́n a ò ní purọ́ fún ara wa. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń fún agbowó ní ìdajì owó, tí wọ́n á ní kó má já ìwé. Wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Ìdajì tí wọ́n san yẹn, inú àpò rẹ̀ ló lọ. Ìdajì tí wọ́n mú padà, ilé ìyàgbẹ́ tiwọn ni wọ́n jẹ. Àwọn kan ń gbé àtẹ sórí gọ́tà, tí ẹni tó fẹ́ kó o kò rí àyè fi ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́. Àwọn kan ń dúró di alẹ́ kí wọ́n tó da ewé ẹ̀fọ́ àti ìhùùhù adìẹ sójú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ẹni tó fẹ́ bi káńsù léèrè, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Bí a bá dé iwájú alága, ká má jẹ́ kó rí ohun tí yóò fi dá wa lóhùn.

Káńsù kì í ṣe ọ̀tá wa. Òun ló súnmọ́ wa jù nínú gbogbo ìjọba. A ò lè dé Àbújá, ó máa ń pẹ́ ká tó rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ ní Agodi, ṣùgbọ́n ilé káńsù, ọkọ̀ kan tàbí méjì ló ń gbé wa dé ibẹ̀. Bí a kò bá lè mú èyí tó wà nítòsí ṣiṣẹ́, báwo la ṣe fẹ́ mú èyí tó jìnnà? Nítorí náà, bí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bá dé lọ́la, ẹ kí i dáadáa, ẹ sanwó yín pé, ẹ gba ìwé yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ rọra bi í pé, "Ìyókù gbólóhùn yẹn ńkọ́?"

Ìpàdé ń bọ̀. Kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan mú iye àtẹ tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ wá, kí a lè bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà. Ajé á jẹ́ tiwa, ọjà á tà, a ò ní ríjà ọjà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, lórúkọ gbogbo wa.